Oríkì Mákírò, Akọ̀wé Tí Kò Mọ̀wé

Mákírò o! Ọmọ #define, mo ṣí fìlà fún ọ.
Akọ̀wé tí kò mọ̀wé, a-dà-á-kọ-má-kà-á!
Wọ́n ní kí o ṣírò x lọ́nà x, o kọ x*x. Wọ́n gbé 2+3 wá, gbogbo ilé ń retí 25, ìwọ gbé 11 jáde, ojú ò tì ọ́. Ọ̀gá oníṣirò!

Ọjọ́ tí o wọ ẹ̀wù àsẹ́ńbílì lọlá rẹ kún. Ogún ìlà, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú \ lẹ́yìn bí ìrù. Kọ̀ǹpáílà wò ọ́, ìlà kan ṣoṣo ló rí. Àṣìṣe wà ní ìlà kẹtàdínlógún, ibi tí a ti pè ọ́ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹnìkan fi // ṣe àlàyé díẹ̀ sí àárín rẹ: o gbé àlàyé mì, o gbé gbogbo iṣẹ́ tó kù mì tẹ̀lé e.

Bàbá ìbejì tó sọ Táyé àti Kẹ́hìndé ní orúkọ kan náà! A pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o sọ ọmọ ní loop. A tún pè ọ́, loop náà ni. Àsẹ́ńbílà ní òun ò gba loop méjì nílé kan. Bẹ́ẹ̀, %= wà nílẹ̀ tí ìbá fún kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, o ti jẹun ọba rí. Nínú Linux 0.01 ti Linus Torvalds, lọ́dún 1991, ìwọ ni wọ́n ń pè ní _syscall3. Wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́, o fi ## so ó mọ́ __NR_, o fi int $0x80 kanlẹ̀kùn, kánẹ̀lì sì dáhùn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ, Mákírò, ọwọ́ rẹ! O wọlé kọ̀ǹpáílà, o gbé rẹ́jísítà ebx lò, o ò kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ ohun tí o fọwọ́ bà. Kọ̀ǹpáílà kò sì gbọ́ àsẹ́ńbílì. Àkọsílẹ̀ rẹ nìkan ló gbà gbọ́. Ní -O0, ayé dùn. A tẹ -O2, ohun tó fi pamọ́ sínú ebx ti pòórá.
A-yá-má-sọ! A-yá-má-dá!

Èmi onírárà rẹ ò bèèrè owó. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti gcc -E, tí mò ń wá ibi tí o gbé e gbà. Ebx nìkan ni kí o dá padà.