Adìẹ Tó Ń Gbé Abẹ́rẹ́ Mì

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Adìẹ ayé ìgbà yẹn ló gbọ́n. Tòde òní ti ra Micra, ó wọ jíǹsì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn, ó ń gbé abẹ́rẹ́ mì ní mẹ́rin-mẹ́rin fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì ni abẹ́rẹ́ tí mò ń wí.

Ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ fẹ́ kí Micra òun yàtọ̀ sí Micra tó ń kó èrò lọ sí Bẹẹrẹ. Agbára rẹ̀ ò ká ọkọ̀ mìíràn, ló bá ní kí òun pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gba Gate lọ, ó ná ríìmù alúmíníọ́ọ̀mù tòkunbọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sanwó, ó gbé e dé.

“Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀tì ẹ̀ ńkọ́?”

“Ṣé kò sí nínú agolo yẹn ni?”

Ó wà nínú agolo. Kí ni kò sí nínú agolo fọkanáísà? Agolo mílíìkì ńlá ni, ó ti dípẹtà, nọ́ọ̀tì Datsun tó ti kú wà níbẹ̀, ti Mazda wà níbẹ̀, ti ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́ náà wà níbẹ̀. Èyí tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà ni wọ́n máa ń dán wò.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé ihò bára mu. Bóòtù mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ Micra, wọ́n tò yí ká òbírípo tó fẹ̀ tó mìlímítà 100. Corolla àtijọ́, mẹ́rin, 100. Civic àtijọ́, mẹ́rin, 100. Bí ihò àárín ríìmù bá ti gba họ́ọ̀bù, ríìmù tó wá láti ara Corolla á jókòó sára Micra wẹ́rẹ́, gbogbo ẹni tó dúró á sì pariwo pé ó wọlé! Lóòótọ́, ó wọlé. Olè náà a máa wọlé.

Bóòtù Nissan àti ti Toyota ò ju ara wọn lọ ní sísanra, mìlímítà 12 ni méjèèjì. Tírẹ́ẹ̀dì wọn ló yàtọ̀. Lára Nissan, mìlímítà 1.25 ló wà láti ìlà kan sí èkejì. Lára Toyota àti Honda, 1.5 ni. Ìdámẹ́rin mìlímítà kan péré ni ìyàtọ̀ yẹn, ojú lásán ò lè rí i, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀tì Toyota á yí díẹ̀ lára bóòtù Micra, á sì há. Ibi tó há sí yẹn gan-an ni Ọlọ́run ti ń bá adìẹ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n fọkanáísà ti ki wíìlì sípánà bọ̀ ọ́, ó gun orí irin náà, ó fò lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀tì wọlé tìpá tìkúùkù, tírẹ́ẹ̀dì jẹ, ọlọ́kọ̀ ní “Ẹ ṣeun, ó ti le dáadáa.”

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fífò náà. Nǹkan bíi Newton-metre 100 ni irú nọ́ọ̀tì yìí ń fẹ́: kí a fi bíi kílò 20 tẹ ìpẹ̀kun sípánà tó gùn tó ìdajì mítà. Fọkanáísà tiwa wọn kílò 75 kó tó jẹ àmàlà.

Abẹ́rẹ́ kejì ò há lọ́nà ọ̀fun rárá, òun ló sì burú jù. Nọ́ọ̀tì Honda á wọ bóòtù Toyota bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn, torí 12 àti 1.5 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹnu nọ́ọ̀tì tí Honda ń ṣe rí roboto, inú ihò roboto ló sì ń jókòó. Ihò ọ̀pọ̀ ríìmù tí a ń rà fún oge fẹ̀ lókè, ó ń há lọ sísàlẹ̀ ní dídagun. Bí roboto bá bọ́ sínú rẹ̀, etí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa kàn ríìmù. Alúmíníọ́ọ̀mù ò le bí irin. Ibi tó kàn án á máa jẹ, nọ́ọ̀tì á máa tú. Toyota náà ní nọ́ọ̀tì tó ní ọrùn gígùn àti wáṣà pẹlẹbẹ, fún àwọn ríìmù kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ ti mọ̀ pé ìyẹn náà wà nínú agolo.

Láyé lọ́rì Bedford, ọmọ mọ́tò tí kò rí ilé ìwé wọ̀ mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ apá òsì ń yí sódì. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí yíyí táyà má baà máa tú u. Ẹni tó bá gbàgbé, ìfọ́tí ọ̀gá á rán an létí. Ọlọ́kọ̀ alákọ̀wé tiwa ní fóònù tó lè sọ ìwọ̀n tírẹ́ẹ̀dì fún un kó tó ṣẹ́jú. Fọ́tò ríìmù tuntun ló ń fi í yà.

Ó di ọjọ́ tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Màpó, ẹsẹ̀ kan yọ, ó ṣáájú ọlọ́kọ̀ dé ọjà, àwọn aláta fọ́n ká. Ta ló fà á? Àwọn ayé ni. Ìyàwó bàbá ni. Ògún ń bínú, ó fẹ́ ajá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, àwọn tí a ń pè ní Májà-májà, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí èyí nínú wọn tó lè bá wa wo inú agolo.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà ò le. Ìka lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bí ó bá yí tó ìgbà mẹ́wàá lára Nissan, tàbí mẹ́jọ lára Toyota, ó ti gbá bóòtù mú tó. Kí ẹ dì í ní ọ̀kánkán-sí-ọ̀kánkán, kí ẹ tún un dì lẹ́yìn bíi kìlómítà 80, èyí tí Micra akérò lè rìn kílẹ̀ tó ṣú.

Ní Gate, ẹni tó ń ta nọ́ọ̀tì a máa kọ́kọ́ bi oníbàárà pé, “Ti Nissan ni àbí ti Toyota? Ẹnu ẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ ṣáà fún mi ní èyí tó ń dán.”