Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Arọ Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ mọ̀ pé òun kò lẹ́sẹ̀ tí òun yóò fi sá, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè wọ́ jáde kí ogun tó dé odi ìlú. Ará Èkó tó fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ 2 ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní fóònù, gbogbo ohun tí ìjọba ìlú Ọba sì ń béèrè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ogun tí wọ́n ti kéde yìí náà ló ń ká a mọ́lé.

Físà ló ṣáájú. Láti oṣù 3 ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gba ìbéèrè fún físà àbẹ̀wò, èsì sì sábà máa ń jáde ní bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìtẹ̀ka. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì á kọ́kọ́ rán aṣọ, á ya fọ́tò, á dágbére fún gbogbo àdúgbò, kó tó ṣí páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ kó rí i pé ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. Ti ìwé báńkì tún wà níbẹ̀. Owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan ló ń jẹ́rìí olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí á dáwó jọ, mílíọ̀nù 5 á já bọ́ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo sínú àkáǹtì tí kò rí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá rí. Bí ìwé ayédèrú bá wá wọ̀ ọ́, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni náà fún ọdún 10.

Ẹrù gan-an ni eré wà. Ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ ìlú Ọba, ìbáà jẹ́ kílíṣí tí wọ́n wé sínú bébà. Ẹja gbígbẹ rí ààyè, bí kò bá ti ju kílò 20 lọ. Wọ́n á fi àǹkárá wé pọ̀nmọ́, wọ́n á kì í bọnú bàtà, wọ́n á sì gbàgbé pé ajá kọ́sítọ́ọ̀mù ní imú. Gaàrí àti èlùbọ́ á gba báàgì kejì, ó di Peckham, níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n ní gbangba ní Rye Lane. Ẹni tó lọ ra kóòtù òkìríkà ní Kátángúà fún òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ kò ṣìṣe. Ó ṣeé ṣe kí kóòtù náà mọ ọ̀nà ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tó náwó ra ohun tí yóò fi pààrọ̀ ẹnu ṣájà ni kò bojú wo ògiri ilé rẹ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta tó wà ní Muṣin náà ló wà ní Lewisham.

Oògùn bíi kòdíìnì àti tràmádọ́ọ̀lù ń fẹ́ lẹ́tà dókítà. Bí àìsàn bá dá àlejò dúró sí wọ́ọ̀dù NHS, á san iye tí ìtọ́jú náà jẹ́, á tún fi ìdajì rẹ̀ lé e. Ìnṣọ́ọ̀ránsì ìrìn àjò wà fún èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò yọwó gèlè lẹ́ẹ̀mejì ní ó ti wọ́n jù.

Láti oṣù Agẹmọ ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́; káàdì báńkì tàbí ti Oyster ni. Olówó inú ìbọ̀sẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na póùn 50 sí dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà á máa mi orí, èrò ẹ̀yìn á máa wo aago.

Fún àtibọ̀, iye kílò tí tíkẹ́ẹ̀tì kọ, tó sábà máa ń jẹ́ 23 fún báàgì kan, náà ni wọ́n á tún wọ̀n ní Heathrow. Ẹni tó bá ra ọjà kọjá rẹ̀ á sanwó lé e, tàbí kó tú báàgì sílẹ̀ níwájú káńtà, kó wọ kóòtù mẹ́ta léra wọn bọ̀ wá sínú ooru Èkó.