Onílù Fìdítì Sọ̀rọ̀

Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́. Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́ ìròyìn kàn ní kí a pín ara wa sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe magasíìnì orin kan láti èèpo iwájú títí dé èèpo ẹ̀yìn, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a sì tà á fún ará ìlú. Wọ́n wá béèrè pé ta ló mọ CorelDRAW lò nínú ọ̀wọ́ tiwa. Mo nawọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa CorelDRAW nígbà náà kò ju káàdì ìkómọjáde kan lọ, ìyẹn gan-an, ẹlòmíì ló ṣe é, orúkọ ọmọ nìkan ni mo pààrọ̀.

Ọmọ Fìdítì ni mí. Ẹni tí a jọ ń gbé iṣẹ́ náà jẹ́ abilékọ kan láti Ìlọrà, tó jù wá lọ lọ́jọ́ orí, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Àǹtí. Àǹtí ní kí a kọ nípa orin tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí a sì wo àwọn ìwé tó ti wà ṣáájú: Atọ́ka tí bàbá wọn máa ń kà, tó ń fi fọ́tò to eré àwọn òṣèré Yorùbá láti ojú ewé kan dé òmíràn, àti Hip Hop World tí Ayo Animashaun dá sílẹ̀ ní 1995, tí àmì ẹ̀yẹ Headies ti inú rẹ̀ jáde ní 2006. Mo ní ayé ti kọjá ibẹ̀ yẹn. Èmi lọ wo Rolling Stone, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 1967. Mo rí i pé wọ́n máa ń jẹ́ kí orí ẹnì kan ṣoṣo gba gbogbo èèpo iwájú, kí orúkọ ìwé fara pamọ́ díẹ̀ sẹ́yìn irun onítọ̀hún. Mo ní bí tiwa náà ṣe máa rí nìyẹn. Mi ò ronú kàn án pé fìlà abetí-ajá ni ẹni tiwa máa dé.

Orúkọ ìwé náà, èmi ni mo mú un wá, mo sì ṣì ń fi yangàn. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ àwọn ìlú wa ni wọ́n tò pọ̀ di Afijio: Awẹ́, Fìdítì, Ìlọrà, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti àwọn yòókù. Mo ní orin ni kí a fi to tiwa: Àpàlà, Fújì, Ìjálá, Jùjú, Ìyẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sí i wẹ́kú! Ó wá ku O. Ẹnì kan ní Orin Ìyìn ni kó jẹ́. Ẹlòmíràn fèsì pé bí ẹ bá fi orin ìjọ sí i, níbo ni ẹ fẹ́ fi wákà sí? Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ hípọ́ọ̀pù bínú jáde. Àǹtí ló ní kí O dúró fún Òmíràn, báyìí ni oníwákà, onísákárà, akọrin ìjọ àti ọmọ hípọ́ọ̀pù ṣe di alájọgbé nínú lẹ́tà kan.

Onílù àgbà kan ní Fìdítì, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, ni a fẹ́ fi ṣe èèpo iwájú. Mo ti ń jó sí ìlù Baba yìí láti kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, mo tan fóònù mi kó máa gba ohùn sílẹ̀, mo sì yọ ìwé ìbéèrè mi jáde. Baba gbé ìyá-ìlù kọ́ èjìká, ṣaworo ara rẹ̀ dún. Wọ́n ní, "Béèrè."

Mo ní, "Baba, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lù?"

Ìlù ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀ pé Baba, mi ò gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyá-ìlù ṣe ń ṣe é: bí onílù bá ti fún okùn awọ ara rẹ̀ mọ́ ìhà, ohùn a gòkè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀, ohun tí ẹnu Yorùbá ń fi ohùn mẹ́ta sọ, awọ ewúrẹ́ a sọ ọ́ láìní ẹnu. Èmi tí mo ń sọ Yorùbá láti ọjọ́ tí mo ti láyé, etí mi kò mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo mi orí, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Baba." Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kejì, ìlù tún dáhùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Àwọn ọmọ kéékèèké tó pé lé wa lórí ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé Baba pa àwàdà ni. Báyìí ni a ṣe dé òpin ìwé ìbéèrè mi. Nígbà tí wọ́n gbé ìlù kalẹ̀ ni wọ́n tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́pẹ́, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀: "Bàbá mi ló ni ìlù yìí."

Gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nìyẹn, òun ni mo sì fi kọ ojú ewé méjì. Mo kọ bí Baba ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́, mo kọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀, mo kọ̀wé gígùn nípa àgbàlá. Lábẹ́ fọ́tò gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n ń fi bílálà awọ méjì nà, mo kọ "ìyá-ìlù" sí i, nítorí pé òun ni fọ́tò rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Àǹtí ka iṣẹ́ náà tán, wọ́n ní, "Ìdáhùn Baba dà níbẹ̀?" Mo ní ó wà lórí fóònù mi. Mo gbà lónìí pé ẹni tí kò gbọ́ ìlù kò yẹ ní ẹni tó ń ṣe magasíìnì orin, ṣùgbọ́n bí a bá ní ká tẹ̀ lé òfin yẹn, èèyàn mélòó ló máa kù nídìí iṣẹ́?

Kí n tó dé orí èyí tó burú jù, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti fújì. Àárín gbùngbùn ìwé, ojú ewé 10 àti 11, ni a fi fún Síkírù Àyìndé Barrister àti Àyìnlá Kollington, àwọn ọ̀gá méjì tí wọ́n ṣe ológun rí, tí wọ́n sì fi àwo orin sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ara wọn ní àwọn ọdún 1980. Mo to gbogbo ẹ̀ dáadáa, mo kọ ọ́ pé Fuji Garbage jáde ní 1988, mo kọ ọ́ pé Barrister kú sí London ní oṣù Kejìlá 2010. Mo wá gbé orúkọ Àyìndé sábẹ́ fọ́tò Àyìnlá, mo gbé ti Àyìnlá sábẹ́ Àyìndé. Ẹni tí kò bá bá àwọn olólùfẹ́ fújì gbé ládùúgbò kan náà rí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí.

Lẹ́tà ló fa wàhálà ńlá. Mo ti wa fọ́ǹtì kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tó jọ ti àwọn ará San Francisco. Bí mo ṣe da ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀ báyìí, àpótí kéékèèké ni mo rí káàkiri ojú ewé. Mo kọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn tí omi ti dànù. Nínú ètò lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń lò, ẹ tó ní àmì lábẹ́ nìkan ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ní ti abẹ́ tó tún ní ti orí kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń mú àmì òkè wá gbé ka orí èyí tó wà nílẹ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò bá kọ́ ní iṣẹ́ yìí, àpótí ni yóò gbé sílẹ̀ fún ọ. Ọjọ́ méjì ló kù tí a máa lọ tẹ̀ ẹ́, iná ti lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ. Mo ṣe ìpinnu ọkùnrin. Mo pa gbogbo àmì rẹ́, tòkè tìsàlẹ̀, láti ojú ewé kìíní dé òpin. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó lé àmì wọ̀nyí lórí ní Èkó ní 1875, ìjọba sì tún fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Bọ́tìnnì kan ni mo fi dá gbogbo wọn dúró. Ojú ewé mọ́ tónítóní. Inú mi dùn débi pé mo sùn.

Ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ọkùnrin atẹ̀wé wo iṣẹ́ mi, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" Ojú ewé 18 ni mo ṣe. Ó ní ìwé tí wọ́n bá fi pín-ìnnì dì láàárín, mẹ́rin mẹ́rin ni ojú ewé rẹ̀ ń lọ, nítorí abala kan tí a ká sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ló ń bí. Kí n yọ méjì tàbí kí n fi méjì kún un. Nítorí náà ni magasíìnì orin wa ṣe ní odindi ojú ewé méjì tí a fi polówó ọsàn Fìdítì. Ó ní fọ́tò Baba, tí Àǹtí fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi, kò ju ìwọ̀n páálí ìṣáná lọ, èmi sì ti fẹ̀ ẹ́ bo èèpo iwájú. Ó ní pupa tí mo ń rí lójú kọ̀ǹpútà, iná ló ń tan án, pé yíǹkì mẹ́rin òun kò lè tẹ irú ẹ̀. Mo ní kó ṣáà tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó wa ti tán.

Ó tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà. Fìlà Baba ti bo F, I, J àti I, A àti O nìkan ló yọjú lọ́tùn-ún lósì. Pupa ti di àwọ̀ amọ̀. Ojú Baba rí bàìbàì. Ohun kan ṣoṣo tó hàn kedere lórí èèpo náà ni àkọlé tí mo fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà kọ sísàlẹ̀:

ONILU FIDITI SORO: "BABA MI LO NI ILU YII"

A gbé ìwé náà sẹ́bàá títì, láàárín àwọn ìyá ọlọ́sàn, níbi tí ọkọ̀ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ti máa ń dúró rajà. Ó tà! Ó tà débi pé ó yẹ kí n ti fura. Ẹni àkọ́kọ́ tó padà wá ni awakọ̀ kan tó ṣí ojú ewé 10, tó ní kí n dá owó òun padà ní orúkọ Barrister. Mò ń bá a fà á lọ́wọ́ ni ọmọdé kan wá pè mí pé àwọn àgbà ń béèrè mi.

Mo bá wọn níjòókòó. Ìwé mi wà lórí itan wọn. Baba onílù náà wà níbẹ̀, wọ́n gbá ìlù wọn mọ́ra, ojú wọn sì rí ti ẹni tí wọ́n ti ń kí kú oríire láti àárọ̀ láìmọ ohun tó ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Àgbà kan ní, "Ìwọ lo kọ ọ́ pé bàbá wọn ló ni ìlú yìí?"

Mo ní, "Ìlù ni, sà. Ìlù tí wọ́n ń lù."

"Wọ́n wá di onílùú. Láti ìgbà wo?"

"Onílù ni, sà. Fọ́ǹtì ló jẹ àmì rẹ̀."

Baba náà wo àwọn tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n yí padà sí mi. "Ta ni Fọ́ǹtì? Ọmọ ilé ta ni?"

Ẹ̀rín ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ìlù ni lóòótọ́, kí n lọ fi ọwọ́ ara mi kọ àmì sí gbogbo èyí tó bá kù, kí n sì mú un wá kí àwọn rí i. Mo gbé ẹrù náà lọ sí ilé Àǹtí ní Ìlọrà, nítorí ilé tiwa ti kún fún àwọn tó fẹ́ mọ̀ bóyá oyè ti ṣófo. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi báírò fa àmì. Àǹtí ní kí n máa fi ohùn Baba dá wa lára yá, mo sì tan fóònù náà. Bàbá ọkọ wọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà dẹ etí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Ìyá-ìlù ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí tí mo wá sílé onílù lọ́wọ́ òfo. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Baba." Ó bi mí pé owó onílù dà, pé ṣé mo gbọ́rọ̀ ṣá. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó ní bóyá adití ni mí. Mo rẹ́rìn-ín.

Mo ti lọ san owó náà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí Baba, ìlù sì sọ nǹkan kan tí mo mú ọmọ kékeré kan dání láti túmọ̀ fún mi.

Olùkọ́ wa fún ìwé wa ní máàkì tó ga jù nínú kíláàsì. Wọ́n ní àwọn àmì báírò wọ̀nyẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá yàtọ̀, ni ọnà tó mọ́gbọ́n dání jù tí àwọn rí lọ́dún náà, pé wọ́n fi ọwọ́ onílù hàn lórí ìwé. Wọ́n ní ta ló ronú kàn án. Mo nawọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà kan ti bá ọkọ̀ lọ kí báírò tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ra ọsàn ní Fìdítì lásìkò náà, tí wọ́n sì ta magasíìnì kan mọ́ ọn fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fa àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí U méjèèjì tó wà ní èèpo iwájú. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ ṣí ojú ewé 10, kí ẹ bá Àyìndé àti Àyìnlá pààrọ̀ orúkọ.