Eré Ìdárayá Aago Mẹ́rin Ìdájí

Láti oṣù Kẹta ọdún 2020 tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, ìmọ̀ràn ni àwọn ará ilé wa ní Nàìjíríà ń dà sórí WhatsApp mi. Ẹnì kan ní kí n máa ka ìwé kan lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Àbúrò mi obìnrin tó wà n'Íbàdàn fi ohùn ránṣẹ́, ó ní ẹni tí kò bá rí nǹkan tuntun kọ́ lásìkò yìí, kó má ṣe sọ láéláé mọ́ pé àyè ni kò gba òun. Mo gbọ́ ọ tán, mo bi ara mi pé ta ló ń bá wí. Ṣé èmi náà ni, tí oníbàárà kò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adjamé, nílùú Abidjan ní Côte d'Ivoire, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí n kò sì mọ ìgbà tí ọjà tí mo ti sanwó rẹ̀ l'Ékòó máa wọlé?

Àmọ́ ká sòótọ́, àyè gbà wá. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ níbí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má wọ Abidjan, kí ẹnikẹ́ni má sì jáde láìgbàṣẹ. Wọ́n ti maquis, ìyẹn àwọn ilé oúnjẹ àti ọtí, pa. Ẹni tó bá mọ ọkùnrin Abidjan mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: èmi tí mo máa ń jókòó ti ẹja yíyan àti àtìèkè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú dáadáa, mo wá di ẹni tó ń wọlé ní aago méje. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi wò mí tẹ́rùn. Ó ní, "Bàbá Tósìn, ikùn yín yìí mà ti ń ṣáájú yín wọlé o."

Bí eré ìdárayá ṣe dé nìyẹn.

Bàbá Ìbejì ló dá a lábàá. Àgbàlá kan náà là ń gbé ní Treichville. Ọmọ Èjìgbò ni, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà, ó sì ti wà ní Abidjan kí n tó dé. Wọ́n ti fi ìwàásù tiẹ̀ náà ránṣẹ́ sí i láti ilé. Ó ní ká máa sáré láàárọ̀, ká gba ojú títì VGE lọ títí dé ọ̀nà Marcory, ká sì padà. Ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ní kété tí aago márùn-ún bá lù tí òfin bá ká kúrò, torí tí ilẹ̀ bá mọ́ tán, gbákà àti takisí kò ní jẹ́ ká ráyè. Èmi fọwọ́ sí i nítorí ìdí tèmi: n kò fẹ́ kí oníbàárà mi kankan rí mi nínú ṣòkòtò péńpé.

Lọ́jọ́ kan báyìí, ó wá kan fèrèsé mi. "Bàbá Tósìn, márùn-ún ti lù, ó ti kọjá!" Iná ti tán lórí fóònù mi, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Àkókò ààwẹ̀ Ramadan ni. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, gbogbo àgbàlá ti jí, iná wà ní yàrá ọ̀tún, iná wà ní yàrá òsì, àlùbọ́sà tí Màmá ará Málì ń dín ń ta sánsán. Ta ló máa rí ìyẹn tí yóò sọ pé ilẹ̀ kò tíì fẹ́ẹ́ mọ́? Sààrì ni wọ́n ń sè, àwa méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

A bọ́ sójú títì. Kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn. Bàbá Ìbejì wẹ̀yìn, ó wọwájú, ó ní, "Ẹ ò rí i? Àwa Yorùbá nìkan la mọ bí a ṣe ń jí." A rẹ́rìn-ín. A ń sáré lọ, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ, àfi bí ọkọ̀ kan ṣe tanná sí wa lójú lójijì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọṣọ ìjọba, ó sì kí wa dáadáa, èyí ló jẹ́ kẹ́rù bà mí jù. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ̀ ń lé nǹkan ni, àbí nǹkan ń lé yín?" A ní spọ́ọ̀tù ni. Ó ní, "Aago mélòó ló lù?" Bàbá Ìbejì yọ fóònù rẹ̀ jáde tìgbéraga tìgbéraga, ó nà án sí i: aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀gá náà wo fóònù. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ikùn mi. Ó gba fóònù náà, ó ń yí i wò síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fún ní ayédèrú owó. "Aago ibo lèyí?"

Bàbá Ìbejì kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ti Nàìjíríà ni, Chef."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ̀ pé wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú ibí. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé orí lé fèrèsé ọkọ̀. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Kò sí àtìmọ́lé, kò sí ìtanràn. Spọ́ọ̀tù lẹ sọ pé ẹ̀ ń ṣe, ẹ máa ṣe é lójú wa títí aago márùn-ún ti Abidjan yóò fi lù."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè lójú kan nìyẹn o. Àwa bàbá ọlọ́mọ. Bàbá Ìbejì fi Faransé bẹ̀bẹ̀, kò ràn án. Ó bọ́ sí Yorùbá, ó ń pe Jésù. Bàtà rẹ̀ kan já, ó ń fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ kejì lélẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ wa: "Ẹ gbé orúnkún sókè, bàbá. Kó kan ìgbáyà. Ẹ má dẹ̀yìn." Nígbà tí mo ní n ó fìdí lélẹ̀ díẹ̀, ó fún mi lómi mu, ó dúró kí n mu ún tán, ó tún ní, "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún."

Márùn-ún lù, wọ́n dá fóònù Bàbá Ìbejì padà. Ọ̀gá ní a káre, ó ní tó bá wù wá ká tún wá lọ́la, àwọn wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń tiro wọ àgbàlá, àwọn èèyàn ti ń fọ abọ́ sààrì. Màmá ará Málì ní òun rí wa nígbà tí à ń jáde ní aago mẹ́rin, òun kàn rò pé ìjọba ti fún àwa Anango (bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí) ní ìwé àṣẹ tiwa lọ́tọ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ àgbàlá kò pe Bàbá Ìbejì ní nǹkan mìíràn ju Aago Nàìjíríà lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, ìjọba yí òfin náà padà: aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí. Aago mẹ́rin! Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ní ká máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ di ẹ̀tọ́ gbogbo ará ìlú.

Mo ro ẹjọ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Agége, mo rò pé yóò bá mi kẹ́dùn. Ó ní mo ń gbádùn ara mi. Òótọ́ ni pé tiwọn le ju tiwa. Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni wọ́n ti ti Èkó pa tọ̀sán tòru, nígbà tí àwa ṣì lè jáde lọ́sàn-án. Àmọ́ lóru tí ìjọba ní kí wọ́n sùn, ìta ni wọ́n wà. Nínú oṣù Kẹrin tí ìròyìn àwọn adigunjalè tí wọ́n ń pè ní One Million Boys gba ìlú, láti Agége dé Ìyánà-Ìpájà títí wọ Ìfọ̀ àti Sàngó-Ọ̀tà, àwọn èèyàn ń dáná sun táyà lójú títì, wọ́n ń fi àdá àti pákó ṣọ́ àdúgbò wọn mọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi yìí tó jẹ́ pé bó bá ti jẹun alẹ́ ó ti sùn nìyẹn, òun náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n àdá. Ó ti wá mọ orúkọ gbogbo onílé tó wà ládùúgbò. Ẹ má bi mí èyí tó dáa jù nínú àdá pípọ́n àti orúnkún gbígbé.

Mo lọ bá Bàbá Ìbejì jà níkẹyìn. Mo ní kí ló dé tí ẹni tó ti ń gbé Abidjan láti ìgbà yìí kò tíì yí aago padà. Ó ní ìyá òun wà ní Èjìgbò, àgbà ti dé sí i, ó ní bí òun bá wo aago, òun fẹ́ mọ̀ bóyá Ìyá ti jẹun, bóyá Ìyá ti sùn, kí òun má pè é ní àsìkò tí kò yẹ. Tẹ́lẹ̀, bí ọkàn òun kò bá balẹ̀, òun yóò wọ bọ́ọ̀sì Èjìgbò ni, ó di Noé, ó di Akírà, ó di Lómé, ó di Kútọnù, ó di Sẹ̀mẹ̀. Àmọ́ lásìkò náà, ẹnubodè wà ní títì.

Inú bí mi sí i, torí n kò rí èsì fọ̀. Lásìkò tí ẹnubodè wà ní títì yẹn náà ni wọ́n sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ n'Íbàdàn. Orí fóònù ni mo ti wò ó. Wọ́n tọ́ oyin wò, wọ́n tọ́ iyọ̀ wò, ó wá ku kí wọ́n pe orúkọ, nẹ́tíwọ̀kì lọ. Nígbà tó fi dé, jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n ń pín. Àbúrò kan náà yìí ló ń bi mí pé kí ni mo fi àyè tó gbà mí kọ́! Àyè kọ́ ló wọ́n wa. Ọ̀nà ilé ni.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, wọ́n ká kónílé-ó-gbélé kúrò ní Abidjan, maquis náà sì ṣílẹ̀kùn. Ikùn mi ti padà sáyè rẹ̀. Aago Bàbá Ìbejì ṣì wà ní ti Èjìgbò, n kò sì bá a wí mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí gbogbo ẹ̀yin ọmọ wa tó wà níbí: aago ara ògiri yín lè máa jẹ́ ti ilé títí ayé, àmọ́ èyí tó wà lápò yín, tí ẹ fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ jáde lóru, ẹ dákun, ẹ yí i sí ti Abidjan.