Ẹnu Irin

Gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ẹnu ọmọ ènìyàn làwọn àgbà tó pa òwe yìí ń bá wí. Ẹnu irin ò tíì dáyé nígbà náà. Òun ló wá gbòde báyìí, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í kọ́ ọ lówe.

Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì àti Ìkọ̀lé, níbi tí fásitì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 pín ọgbà rẹ̀ sí, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ò wọ́n. Ẹ wo ọ̀kan lára wọn tí sáfà ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Á ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, á ní kí ètò náà to gbogbo sẹ́tìǹgì alákòóso síta. Ètò náà ò ní béèrè ẹni tó wà nítòsí. Á tú gbogbo ikùn rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ sáfà, ibi tí wọ́n ń gbà wọlé, páswọ́ọ̀dù pátápátá. Ọmọ náà á fi fóònù yà á, ó di inú gúrúùpù WhatsApp: “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe é?” Àwọn ọ̀gá á máa dáhùn lọ́tùn-ún lósì. Ẹnìkan nínú wọn ò ní dáhùn rárá; ó ń da páswọ́ọ̀dù kọ.

Ọmọ náà jẹ̀bi díẹ̀, àmọ́ ẹni tó kọ ètò yẹn gan-an ni kí wọ́n mú wá. Ẹnìkan ló jókòó, tó pinnu ohun tí ẹnu irin yóò máa sọ. Git, táwọn ọmọ wọ̀nyí ń lò lójoojúmọ́, bẹ́ ẹ bá tẹ git config --list, bó ṣe bá a náà ló ń kà á jáde; bẹ́ ẹ bá ti ki páswọ́ọ̀dù bọ inú àdírẹ́sì, ó di tayé. Ètò Kubernetes ní tiẹ̀ ń fi base64 kọ àṣírí, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi àṣẹ kan ṣoṣo tú.

Àìsàn yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Unix ìgbà ìwáṣẹ̀ ń kó páswọ́ọ̀dù tí wọ́n ti dà rú sínú /etc/passwd, fáìlì tí gbogbo ará ilé lè kà. Ní 1979, Robert Morris àti Ken Thompson kọ̀wé lórí ààbò páswọ́ọ̀dù náà. Ní November 1988, ta ló tú kòkòrò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń ka fáìlì yẹn, tó sì ń méfò ohun tó wà nínú rẹ̀? Ọmọ Morris ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde! Inú /etc/shadow, tí alákòóso nìkan lè kà, ni wọ́n ń kó o sí lónìí.

Ẹnu irin tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ náà wà: lórí Windows, bẹ́ ẹ bá ní kí àṣẹ netsh ròyìn Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà ti lò, á ní kọ́kọ́rọ́ wà, á sì pa ẹnu mọ́. Bí ẹmẹ̀sẹ̀ ààfin ṣe ń sọ pé Kábíyèsí wà nílé nìyẹn, láìsọ iyàrá tí wọ́n wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí kọ́kọ́rọ́ náà ní láti mọ̀ọ́mọ̀ fi key=clear kún àṣẹ rẹ̀.

Àwọn mìíràn wá lọ há sí òdìkejì. Wọ́n bo ohun gbogbo, tó fi dórí orúkọ fáìlì. Àwọn àgbà ò ṣáà ní kí ẹnu di o! Alákòóso tí sẹ́tìǹgì rẹ̀ wà nínú fáìlì mẹ́ta fẹ́ mọ èyí tó borí àti ibi tó ti wá. Àṣẹ aws configure list mọ èyí: lẹ́tà mẹ́rin tó kẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń fi hàn, kẹ́ ẹ lè mọ èwo ni, á sì sọ ibi tó ti mú un.

Ti àwọn tó ń fi ìràwọ̀ bo páswọ́ọ̀dù, ìràwọ̀ kan fún lẹ́tà kan, ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Olè á ka ìràwọ̀, á bá márùn-ún. Kí ni yóò kọ́kọ́ gbìyànjú bí kò ṣe admin?