Egbèje Lọ, Egbèfà Ò Wá

Àwọn àgbà ní owó la fi ń fínná owó. Bí egbèje ò bá lọ, egbèfà ò lè wá. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà nígbà tí wọ́n pa á lówe. Ogójì ẹyọ ní ń bẹ lórí okùn kan, egbèje jẹ́ okùn márùndínlógójì, egbèfà jẹ́ ọgbọ̀n okùn. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí i pé èyí tó lọ pọ̀ ju èyí tó wá lọ. Ó jọ pé àwọn bàbá wa ti fojú inú rí àwọn tó ń ra owó àtijọ́ lórí ayélujára.

Kì í ṣe àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ni mò ń bá wí o. Àwọn yẹn ń jèrè. Àwọn tí mò ń bá wí ni àwọn tó ń fi owó gidi ra owó tó ti kú: àníní, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ̀, sísì, ṣílè, gbogbo ìdílé tí náírà sin ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára wọn. Aṣírò-owó ni, ó sì mọṣẹ́. Nígbà tó wà ní Ìbàdàn, kó tó ra bàtà ní Dùgbẹ̀, á yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á tún ṣe bí ẹni ń lọ kí wọ́n lè pè é padà. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀gànjọ́ òru, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbàǹjo ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó parí, ọkùnrin yìí kan náà á máa fi owó lé owó lórí ohun tí kò fojú rí.

Ohun tó ń wá kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ní 1907 ni ọdún kọ́kọ́ hàn lára kọ́bọ̀ oníhò tí Gẹ̀ẹ́sì rọ fún wa, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ kó ṣeé sín sókùn bí ẹyọ. Ní 1912 wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó máa rọ owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ìgbìmọ̀ yẹn kò ṣahun. Owó tí wọ́n rọ kún ilẹ̀ dé ibi pé títí dòní, abọ́ kan rẹ̀ kì í wọ́n lórí tábìlì àwọn tó ń ta àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Èyí tó ń da ọ̀rẹ́ mi láàmú jù ni kọ́bọ̀ 1936. Orúkọ Ọba Edward Kẹjọ ló wà lára rẹ̀. Ọba yìí gorí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, kí ọdún tó parí ó ti gbé adé jù sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọn kò gbé owó tó ní ojú rẹ̀ jáde fún ará ìlú láti ná. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n rọ fi dán iṣẹ́ wò, ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan lónìí á kọ́kọ́ ta ilé. Ibi tí òǹtajà orí ayélujára gbọ́ ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, ó sì di etí sí ìyókù. Kò gbọ́ pé kọ́bọ̀ tiwa kò nílò ojú ọba, nítorí ihò ló wà níbi tí ì bá wà. Orúkọ ni wọ́n kàn tẹ̀ yí ihò ká, tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní wéréwéré ní Lọ́ńdọ̀nù àti nílé-iṣẹ́ méjì ní Birmingham, Heaton tó ń tẹ H sára tirẹ̀ àti King's Norton tó ń tẹ KN. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n rọ. Ìyá oníyọ̀ ní Ìjẹ̀bú ṣì ń ná orúkọ Edward nígbà tí Edward alára ti di àlejò ní ilẹ̀ Faransé. Síbẹ̀, ẹ ṣí fóònù yín, ẹ ó rí i: Ọ̀WỌ́N GÓGÓ! ỌBA TÓ FI ADÉ SÍLẸ̀! IRÚ RẸ̀ KÒ SÍ MỌ́! Lábẹ́ rẹ̀, òǹtajà kan náà á kọ ọ́ pé ogójì irú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí aṣírò-owó kọ̀ láti ṣe. Ká ní pọ́n-ùn kan ni wọ́n ń ta kọ́bọ̀ yìí. Kí òǹtajà tó gbé e sábẹ́ iná, kó ya iwájú, kó ya ẹ̀yìn, kó kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀, àkókò tó ná á ti ju èrè tó fẹ́ jẹ lọ. Nítorí náà, á ṣa èyí tó dára jù nínú abọ́, á ya òun nìkan, á sì fi àwòrán rẹ̀ ta gbogbo ẹbí. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tó kéré bí ìdin, á kọ ọ́ pé àpẹẹrẹ lásán ni àwòrán. Owó ìfìránṣẹ́ jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta. Kọ́bọ̀ dé, ó dúdú, ọdún rẹ̀ ti parẹ́. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ dá a padà. Owó tí yóò fi dá a padà tún ju owó kọ́bọ̀ lọ. Òǹtajà ti mọ èyí ṣáájú kó tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀. Ẹni tó ta ayédèrú wúrà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pọ́n-ùn á máa wojú ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba lọ́yà nítorí kọ́bọ̀ kan? Bí ọjà bá ṣe pọ̀ tó ni ẹni tó ń tà á ṣe ń sùn dáadáa tó. Ní ọjà Bódìjà, ìyá onítòmátì á na ọwọ́ ẹni tó ń tẹ ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n á jẹ́ kó ná an, á sì tún bu ènì sí i. Lórí ayélujára, ẹni tó rajà ló ń san ènì.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ kọ́bọ̀ títí á fi máa kọ mọ̀nà, tí wọ́n á ní ọ̀tun ni. Àwọn mìíràn á gbé ṣílè idẹ síta, wọ́n á pè é ní fàdákà, bẹ́ẹ̀ láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo nínú àwòrán. Ọ̀rẹ́ mi rà á.

Ẹ má dá ẹ̀bi fún òǹtajà nìkan. Kí ni ọ̀rẹ́ mi ń wá gan-an? Kọ́bọ̀ tó ti tó àádọ́rùn-ún ọdún, tí ọwọ́ ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn rí, ní pọ́n-ùn kan. Kọ́bọ̀ tó ṣiṣẹ́ owó, tó ra ẹ̀kọ, tó san owó orí, tó sùn sí ìdí ìró ìyá arúgbó, òun ni wọ́n ní kò níyì. Èyí tó ṣọ̀lẹ, tó jókòó sínú àpò láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, ni wọ́n ń kí káàbọ̀. Kódà àwọn ilé-iṣẹ́ wà ní Amẹ́ríkà, bíi PCGS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí wọ́n ń fún owó ní máàkì láti orí 1 dé 70 kí wọ́n tó tì í mọ́ inú ike. Owó ìdánwò yẹn ju iye kọ́bọ̀ ọ̀rẹ́ mi lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, nítorí náà á wà láìsí ìwé-ẹ̀rí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò gbọ́n jù wá lọ. Ní 2009 wọ́n rọ àádọ́ta pẹ́ńsì tó ní àwòrán ọgbà Kew, 210,000 péré. Látìgbà tí ìwé ìròyìn ti gbé e, kò sí àádọ́ta pẹ́ńsì tí ẹnìkan kò ti béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lé lórí, àní èyí tí wọ́n fi ṣẹ́ ṣéńjì fún un láàárọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń ka iye tí wọ́n béèrè, kì í wo iye tí wọ́n tà á. Ẹni tó béèrè kò tíì tà, ẹnu kì í sì í sanwó orí.

Nílé níbí, àhesọ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù pé àwọn òyìnbó ń wá kọ́bọ̀ 1959, pé mílíọ̀nù ni wọ́n ń san. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi bá ọmọ Abẹ́òkúta kan pàdé, tó jogún ife kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní mílíọ̀nù méjì náírà ni ẹyọ kan. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á san pọ́n-ùn méjì, bí àwòrán bá mọ́lẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ọmọ Abẹ́òkúta ní àwọn tó kó ère wa lọ ló tún fẹ́ wá kó kọ́bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi pè é ní gbájú-ẹ̀. Wọ́n dí ara wọn lọ́nà lórí WhatsApp, ọ̀rẹ́ mi sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà láti fẹjọ́ sùn. Mo bi í bóyá kò tíì ní kọ́bọ̀ 1959 ni. Ó ní òun ní mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fi ọsàn fọ̀.