Ta Ló Pa Tòmátì Ìyá Àgbà?

Ẹjọ́ ìpànìyàn kọ́ la gbé wá lónìí, ẹjọ́ ìpatòmátì ni.

Láàrin Mápó sí Ọjà'ba ní Ìbàdàn, níbi tí páànù ilé kan ti ń fara kan páànù ilé kejì, ilẹ̀ tó kù lẹ́yìnkùlé kì í sábà ju ibi tí wọ́n lè tẹ́ ẹní sí lọ. Ibẹ̀ náà ni ìyá àgbà ń gbin tòmátì sí lọ́dọọdún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata àti ìkàn. Tòmátì á tutù yọ̀yọ̀, á yọ òdòdó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewé á kàn rọ. Lálẹ́, á tún gbérí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tún sorí kọ́. Láìpẹ́ ó kú, bẹ́ẹ̀ ewé ò tilẹ̀ tíì pọ́n.

Ilé gbóná nìyẹn. Àwọn kan á ní ojú ìyàwó kékeré ni. Àwọn kan á ní ayálégbé ló ń da omi ọṣẹ síbẹ̀. Bàbá tó ń ta ayò lọ́dẹ̀dẹ̀ á ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì bi í. Ìyá àgbà fúnra wọn á gbé ike omi, wọ́n á máa bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Omi yẹn gan-an jẹ́ afurasí. Gbòǹgbò tòmátì ń mí. Tí ilẹ̀ bá rin gbingbin jù, gbòǹgbò á jẹrà, ewé á rọ. Ẹni tó gbìn ín á ní òùngbẹ ni, á tún bu omi sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀daràn tó ń mú ewé tútù rọ báyìí, bakitéríà kan ni, Ralstonia solanacearum. Erwin Smith, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1896. Ó ń gba gbòǹgbò wọlé, á pọ̀ sí i nínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà gòkè, á dí wọn pa. Ata, ìkàn, tábà, ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú tòmátì, ó sì lè bá gbogbo wọn jà. Ọdọọdún ni ìyá àgbà ń gbóúnjẹ fún un láìmọ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ ò gbowó. Ẹ gé igi tòmátì náà nítòsí ilẹ̀, kí ẹ ti ojú gígé náà bọ ife omi tó mọ́, kí ẹ má pò ó. Tí nǹkan funfun bí omi wàrà bá ń ṣàn jáde láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyàwó kékeré máa lọ ilé. Tí nǹkan kan ò bá jáde, ẹ la igi náà. Tí inú rẹ̀ bá ti di bíi kọfí, tí ewé ìsàlẹ̀ sì ti kọ́kọ́ pọ́n, Fusarium ni, ẹbu inú ilẹ̀. Tí gbòǹgbò bá yọ kókó wúruwùru, àwọn aràn tín-tìn-tín tójú ò rí ni.

Ẹ má da àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ “Ebola tòmátì” o. Ìyẹn tó mú kí ìjọba Kàdúná kéde pàjáwìrì ní oṣù karùn-ún 2016, ọmọ àfòpiná Tuta absoluta láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Inú ewé ló ń jẹ, á sì fi ipa sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó ra tòmátì lọ́dún náà ṣì ń dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó di igi náà sínú ọ̀rá, kó wọ takisí Micra láti Bẹẹrẹ lọ sí NIHORT ní Jẹ́ríkò, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó ti wà láti 1975. Èrò inú ọkọ̀ á wo ọ̀rá náà dáadáa, kó má dá wọn lóhùn.

Ralstonia ò gbóògùn. Ẹ fa igi náà tu tòun ti gbòǹgbò, ẹ sun ún, ẹ má jù ú sẹ́yìn odi aládùúgbò. Ẹ fọ ọ̀bẹ àti ọkọ́. Tòmátì tuntun, inú àpò tàbí gárawa tí wọ́n lu nísàlẹ̀, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù níbòmíràn, ni kí ẹ gbìn ín sí. Ilẹ̀ àtijọ́ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbàdo fún ọdún mélòó kan. Ralstonia ò rí ti àgbàdo rò. Bí àgbàdo náà bá wá rọ, ẹ lè pe bàbá aláyò wá sójú ẹjọ́.